Akoto Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìbéèrè Méjì Nínú Ẹrù Kan

Ní ọdún 1989, àwọn oníṣègùn kan ní ìlú Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó mú kí ọ̀pọ̀ ìjọba gbà pé ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere gbọ́dọ̀ dé akoto, ìyẹn hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìlera King County, àgbègbè tí Seattle wà nínú rẹ̀, fagi lé òfin akoto tiwọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì lè rò pé ìmọ̀ ti yí padà, pé ohun tó ń dáàbò bo orí lánàá kò wúlò mọ́ lónìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ náà ṣe ń fagi lé òfin yẹn ló tún ń gba ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n má ṣe bọ́ akoto wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dì pọ̀ sínú ẹrù kan. Èkíní: bí ẹnì kan bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, tí orí rẹ̀ gbálẹ̀, ǹjẹ́ akoto lè gbà á? Èkejì: ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, kí ọlọ́pàá sì máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá dé e? Ọ̀rọ̀ fóòmù, eegun àti ọpọlọ ni èkíní. Ọ̀rọ̀ ìlú ni èkejì: ó kan títì, ọlọ́pàá, àpò òbí, àti ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa ń ṣe tí wọ́n bá sọ fún un pé dandan ni. Ohun tó mú kí àríyànjiyàn yìí gbóná ni pé ẹni tó ní ẹ̀rí lórí èkíní máa ń rò pé òun ti dáhùn èkejì, ẹni tó sì rí àbùkù òfin máa ń fẹ́ ká gbà pé akoto fúnra rẹ̀ ni kò dára. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà, ká yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò láyè ara rẹ̀.

Ọpọlọ, ilẹ̀ àti fóòmù

Ọpọlọ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.4. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé, inú omi díẹ̀ ló sì wà lábẹ́ agbárí. Bí orí bá ń lọ, ọpọlọ ń bá a lọ. Wàhálà máa ń dé nígbà tí orí bá dúró lójijì tí ọpọlọ kò tíì dúró: á lọ gbá eegun tó yí i ká, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó so ó mọ́ ibi tó wà á sì já.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Orí ẹni tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ máa ń já láti ìwọ̀n mítà kan àtààbọ̀. Nígbà tó bá fi máa kan ilẹ̀, eré rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún kìlómítà láàárín wákàtí kan. Bí orí lásán bá gba títì ọlọ́dà, àyè tó ní láti fi dúró lè má ju mìlímítà méjì lọ, ìyẹn ìwọ̀nba tí awọ àti eegun lè tẹ̀ dé. Ìdúró òjijì bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po 750 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ara wa mọ́lẹ̀. Ká wá fi fóòmù tó lè tẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà méjì sáàárín orí àti ilẹ̀: àyè ìdúró ti di ìlọ́po mẹ́wàá, agbára náà á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po 75. Gbogbo iṣẹ́ akoto kò ju kó wá àyè díẹ̀ àti àkókò díẹ̀ fún orí kó tó dúró.

Fóòmù náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí, funfun, tó fúyẹ́, tó máa ń ké ríń-ín tí a bá fi èékánná ha á. Ẹni tó bá fọ́ ọ á rí i pé wóró kéékèèké ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí akoto bá gbálẹ̀, àwọn wóró yìí á fọ́ mọ́ra, fífọ́ wọn yẹn ló ń jẹ agbára ìṣubú tán. Wọn kì í padà sípò. Ìdí nìyẹn tí akoto kẹ̀kẹ́ tó bá ti gbálẹ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan ṣe di ohun àjùnù, bí kò tilẹ̀ sí ibi tó sán lára rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà EN 1078 ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n á dé akoto mọ́ orí àtọwọ́dá tí ẹ̀rọ ìwọ̀n wà nínú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó já láti bí mítà kan àtààbọ̀ sórí irin pẹrẹsẹ, wọ́n á sì tún jẹ́ kó já láti ibi tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ sórí irin tó rí bí etí kọ́ńkéré ojú títì. Agbára tó bá dé inú orí náà kò gbọdọ̀ kọjá ìlọ́po 250. Ní Amẹ́ríkà, mítà méjì ni wọ́n ti ń jù ú sórí irin pẹrẹsẹ, ààlà tiwọn sì jẹ́ 300. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣubú ni ìdánwò yìí ń sọ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń bọ̀ lórí eré ọgọ́ta kìlómítà. Ọgọ́ta jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú eré kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ni, ìyẹn ìlọ́po mẹ́sàn-án. Akoto lè mú díẹ̀ kúrò nínú mẹ́sàn-án yẹn, díẹ̀ náà sì lè gba ẹ̀mí là, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n dán an wò fún.

Ìdánwò náà tún ní ibi tó kù sí. Nínú ìṣubú gidi, orí kì í sábà já ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi gba ilẹ̀, á sì yí. Ní 1943, onímọ̀ físíìsì kan ní Oxford tó ń jẹ́ Holbourn rọ jẹ́látìn sínú ohun tó ṣe bí agbárí, ó sì fi hàn pé yíyí òjijì ló ń fa inú ọpọlọ ya ju kí orí kàn dúró lójú kan lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé inú akoto. Ní Stockholm, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Hans von Holst, àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Peter Halldin, ṣe awẹ́ tín-ínrín tó máa ń yọ̀ díẹ̀ nínú akoto kí orí má bàa bá a yí tán. Òun ni wọ́n ń pè ní MIPS. Láti 2018 sì ni Yunifásítì Virginia Tech ti ń dán akoto kẹ̀kẹ́ wò pẹ̀lú yíyí náà, tí wọ́n ń fún wọn ní ìràwọ̀ láti orí kan dé márùn-ún.

Ẹ̀rí ilé ìwòsàn

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orí irin kì í ṣe ẹ̀rí tó fún orí èèyàn. Iṣẹ́ tí Robert Thompson, Frederick Rivara àti Diane Thompson gbà ṣe ní Seattle nìyẹn. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn márùn-ún, wọ́n wá ẹni 235 tó fi orí ṣèṣe lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n wá ẹni 433 mìíràn tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, tó gba yàrá pàjáwìrì kan náà wọlé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé apá, ẹsẹ̀ tàbí ibòmíràn ló dùn wọ́n. Nínú àwọn tó fi orí ṣèṣe, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé akoto. Nínú àwọn kejì, ìdá 24 ni. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí, owó tó ń wọlé àti irú ìṣubú mọ́ ọn, wọ́n ní akoto ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 85.

Kò sí ibi tí iye yẹn kò dé. Àmọ́ àwọn olófìn-íntótó béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè: irú ọmọ wo ló ń dé akoto ní Seattle nígbà náà? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, tó jẹ́ pé inú ọgbà ìgbafẹ́ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ojú títì. Bí orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yè, akoto ló yọ ọ́ ni, àbí ọgbà? A kò lè ṣẹ́ kèké fún àwọn èèyàn pé kí apá kan dé akoto, kí apá kejì má dé e, ká wá jókòó máa retí kí wọ́n ṣubú. Nítorí náà, iyèméjì yìí kò lè tán pátápátá nínú ìwádìí kan ṣoṣo.

Ohun tó lè dín in kù ni ká kó ìwádìí púpọ̀ jọ, láti ibi tí àwọn olówó àti tálákà ìlú ti yàtọ̀ síra, ká wò bóyá ibì kan náà ni gbogbo wọn ń nà ka sí. Jake Olivier àti Prudence Creighton ní Yunifásítì New South Wales ní Sydney ṣe èyí ní 2016. Ìwádìí 40 ni wọ́n kó jọ, tó kan ẹni tó lé ní 64,000 tó fara pa lórí kẹ̀kẹ́. Nínú àwọn tó dé akoto, ó ṣeé ṣe kí ìfarapa orí fi ìdá 51 dínkù, èyí tó le gan-an fi ìdá 69 dínkù, èyí tó ń pani sì fi ìdá 65 dínkù. Ìdá 85 àkọ́kọ́ ti wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iye ìwádìí àkọ́kọ́ ṣe sábà máa ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wálẹ̀ dé ṣì ga.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje pàápàá kò tètè gbà. Ní 1991, nígbà tí UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fẹ́ sọ akoto di dandan, àwọn eléré náà daṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìdíje Paris–Nice, àjọ náà sì fà sẹ́yìn. Ní 1995, Fabio Casartelli, ọmọ Ítálì tó ti gba góòlù Òlíńpíìkì, ṣubú nínú Tour de France níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Portet d'Aspet. Kò dé akoto, ó sì kú. Ní oṣù kẹta 2003, nínú Paris–Nice kan náà, Andrei Kivilev ọmọ Kazakhstan ṣubú láìdé akoto, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì ṣú bá a. Ọdún yẹn ni UCI sọ ọ́ di òfin.

Ìbéèrè èkíní ti rí ìdáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, akoto ń gba orí ẹni tó ṣubú, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí òfin dé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1990, ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia di ibi àkọ́kọ́ láyé tí òfin ti sọ pé àgbà àti ọmọdé tó bá gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dé akoto. Kó tó di ìparí 1992, gbogbo ìpínlẹ̀ Australia ti tẹ̀ lé e. New Zealand darapọ̀ mọ́ wọn ní oṣù kìíní 1994. Òfin náà múlẹ̀ kíákíá. Ní Victoria, àwọn tó ń dé akoto gòkè láti ìdá 31 sí 75 láàárín ọdún kan, àwọn tó ń gbé orí fífọ́ wá sí ilé ìwòsàn látorí kẹ̀kẹ́ sì dínkù.

Àmọ́ àwọn kan dúró ní oríta Melbourne, wọ́n ń ka iye ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọ̀dọ́langba ti dínkù gidigidi lójú ọ̀nà. Ó rọrùn fún ọmọ tó wà lọ́jọ́ orí yẹn láti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ju kó gbé ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ lé orí lọ. Ní 1996, onímọ̀ ìṣirò kan ní Armidale, Dorothy Robinson, wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé: lóòótọ́ ni ìfarapa orí dínkù, ṣùgbọ́n àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà dínkù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àkókò kan náà ni Victoria gbógun ti eré àsápajúdé àti ọtí mímu lẹ́yìn wíìlì, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn pàápàá ń rí ìtura. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí òfin bá dín orí fífọ́ kù nítorí pé ó lé àwọn ọmọ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, kí la jèrè?

Olivier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìlànà tó wù mí. Wọ́n ní, ẹ jẹ́ ká fi orí wé apá. Bó bá jẹ́ pé àìgun kẹ̀kẹ́ mọ́ nìkan ló fà á, apá kíkán yóò dínkù bí orí fífọ́ ṣe dínkù, nítorí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ kò ní fi apá ṣubú, kò ní fi orí ṣubú. Wọ́n yẹ ìwé ilé ìwòsàn New South Wales wò, wọ́n sì rí i pé orí fífọ́ dínkù ju apá kíkán lọ lẹ́yìn òfin. Nítorí náà, akoto ní ọwọ́ níbẹ̀.

Kánádà tún fi ojú mìíràn hàn wá. Àwọn ẹkùn kan ní òfin akoto, àwọn kan kò ní. Láàárín 1994 sí 2003, ìfarapa orí láàárín àwọn ọ̀dọ́ fi ìdá 54 dínkù níbi tí òfin wà; níbi tí kò sí, ó fi ìdá 33 dínkù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní òfin ti borí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ ní 2013 rí i pé ìdínkù náà ti bẹ̀rẹ̀ kí òfin tó dé, nígbà tí wọ́n sì yọ ìyẹn kúrò, ipa òfin gan-an kò hàn kedere mọ́. Nínú BMJ ọdún yẹn kan náà, Ben Goldacre àti David Spiegelhalter kọ ọ́ pé àǹfààní òfin akoto fún gbogbo ìlú kéré, ó sì lọ́ pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn débi pé ìwádìí síwájú sí i lè má yanjú rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó ń sọ níbí pé fóòmù kò ṣiṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé àǹfààní tó dájú lórí ẹnì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìṣirò odindi ìlú.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àtààbọ̀

Àwọn alátakò akoto tún ní ẹ̀sùn kan tí wọ́n fẹ́ràn: pé akoto ń sọ onímọ́tò di aláìbìkítà. Ian Walker, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tó wà ní Yunifásítì Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, so ẹ̀rọ tó ń wọn àyè mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gùn ún káàkiri Salisbury àti Bristol, á dé akoto lónìí, á gbé e sílẹ̀ lọ́la. Èsì rẹ̀ jáde ní 2007: mọ́tò tó lé ní 2,300 ló ká sílẹ̀, nígbà tó bá dé akoto, wọ́n ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.5 sún mọ́ ọn ju ìgbà tí kò dé e lọ. Ó tiẹ̀ dé wíìgì onírun gígùn lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n lè rò pé obìnrin ni láti ẹ̀yìn, àyè tí wọ́n fún un sì pọ̀ sí i. Bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a lákòókò ìwádìí náà; ìgbà méjèèjì ló dé akoto.

Ìtàn náà dùn, ìyẹn ló ṣe gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n Olivier àti Scott Walter tún ìṣirò náà ṣe ní 2013. Wọ́n ní mọ́tò tó fi mítà kan àtààbọ̀ kọjá àti èyí tó fi díẹ̀ dín sí i kọjá, kò séwu nínú méjèèjì. Èyí tó wá sí abẹ́ mítà kan ló yẹ ká máa ṣọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìyẹn nìkan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí tó dé akoto àti èyí tí kò dé e pòórá. Walker kò gbà, ó fèsì, ìjà ìṣirò náà sì ń bá a lọ.

Ẹ̀sùn kejì bá a tan: pé ẹni tó dé akoto fúnra rẹ̀ á máa ṣe fààjì pẹ̀lú ewu. Ní 2016, Walker àti Tim Gamble fi fìlà dé àwọn kan, wọ́n fi akoto kẹ̀kẹ́ dé àwọn kan, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú wọn nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n wá ní kí wọ́n máa fẹ́ bàlúù lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó dé akoto fẹ́ tiwọn ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò bẹ̀rù kó bẹ́. Bàlúù orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe títì, ṣá. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn kó ìwádìí 23 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, 18 kò rí ẹ̀rí pé akoto ń sọ ènìyàn di ẹni tí kì í bẹ̀rù ewu, mẹ́ta ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, méjì tó gbè é sì ti ilé ìwádìí kan ṣoṣo wá. Èmi kì í tìtorí ẹ̀sùn yìí sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó bọ́ akoto.

Ibi tí wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe

Ẹ jẹ́ ká dé Netherlands, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo alátakò òfin máa ń nà ka sí. Ní 1971, ẹni tó lé ní 3,000 ló kú sójú títì wọn, ó sì lé ní 400 ọmọdé nínú wọn. Àwọn òbí bọ́ síta, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n dẹ́kun pípa ọmọ, Stop de Kindermoord. Wọn ò béèrè akoto. Ọ̀nà ni wọ́n béèrè: kí wọ́n ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà mọ́tò, kí mọ́tò sì rọra ní àdúgbò. Ọ̀wọ́n epo tó dé ní 1973 tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Lónìí, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìrìn àjò ibẹ̀ lọ tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn. Ìyá á gbé ọmọ síwájú, á gbé èkejì sẹ́yìn, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lásán.

Ìlera gbogbo ara tún wà níbẹ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Utrecht ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò mọ́tò fún ìrìn kúkúrú ojoojúmọ́. Eré ìdárayá inú rẹ̀ fi oṣù 3 sí 14 kún ẹ̀mí. Ìjàǹbá ọ̀nà gba ọjọ́ 5 sí 9 padà. Bí òfin bá wá mú kí àwọn tó pọ̀ padà sínú mọ́tò, àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà lè gba ẹ̀mí tó ju èyí tí akoto yọ lọ. Piet de Jong ti Yunifásítì Macquarie ní Sydney ṣe ìṣirò èyí ní 2012: níbi tí ọ̀nà bá ti dára, òfin akoto lè mú àdánù wá, níbi tí gígun kẹ̀kẹ́ bá ti léwu gan-an, èrè lè wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi Netherlands jó. Ní 2022, nǹkan bí 290 agunkẹ̀kẹ́ ló kú níbẹ̀, wọ́n ju àwọn tó kú sínú mọ́tò lọ. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn sì wà lórí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó ń sáré ju èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ wà lọ. Ọ̀nà tó dára kò ní kí ilẹ̀ má le. Ní 2024, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í polongo pé kí àwọn èèyàn máa dé akoto. Ìpolongo ni, kì í ṣe òfin.

Ta ni ọlọ́pàá ń dá dúró?

Ní Melbourne, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ìlú tí ẹnikẹ́ni lè yá kalẹ̀ ní 2010. Ẹni tó bá fẹ́ yá kẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú kò ṣáà ní gbé akoto kiri nínú báàgì. Wọ́n ta akoto olówó pọ́ọ́kú, wọ́n fi òmíràn sára kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yá a. Wọ́n ti ètò náà pa ní 2019. Mẹ́síkò Síti rí irú wàhálà yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yọ òfin akoto wọn kúrò ní 2010 kí kẹ̀kẹ́ ìlú tiwọn lè rìn.

King County ti ní òfin rẹ̀ láti 1993, ó sì dé inú Seattle ní 2003. Nígbà tí àwọn kan wá yẹ ìwé ọlọ́pàá wò, wọ́n rí i pé àwọn aláìrílégbé ló pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń já ìwé ìtanràn fún. Iye tí wọ́n fi ń já a fún àwọn èèyàn dúdú nínú àwọn agunkẹ̀kẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn funfun. Akoto ti di àwáwí tí ọlọ́pàá fi ń dá ẹni tó bá wù ú dúró. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà fagi lé ní 2022 nìyẹn. Ìwádìí 1989 wà níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yàtọ̀

Kí ọlọ́kadà kankan má ṣe ka ibi tí a dé yìí kó wá bọ́ akoto rẹ̀. Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó dúró ti ológun Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, T. E. Lawrence, nígbà tó fi alùpùpù ṣubú tó sì kú ní 1935, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rí ilé ìwòsàn hàn ní 1941 pé akoto ń yọ àwọn alálùpùpù. Láti 1973 ló ti di dandan fún wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkójọ ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2008 sọ pé akoto ń dín ikú alálùpùpù kù ní ìdá 42, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ẹ̀dùn tí a ní nípa òfin kẹ̀kẹ́ kò sí níbí: ẹ́ńjìnnì ló ń sáré, kò sí eré ìdárayá tí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà pàdánù, eré rẹ̀ sì pọ̀.

Síbẹ̀, òfin náà lè tàsé bí kò bá bá ará ìlú mu. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò dé akoto káàkiri Nàìjíríà. Akoto wọ́n, owó kò sí. Àwọn kan gbá igbá gbígbẹ dé, wọ́n fi okùn dè é mọ́ àgbọ̀n. Àwọn kan gbé ike ọ̀dà borí. Èrò tún ń bẹ̀rù akoto àjọdé: ìbẹ̀rù àìsàn awọ orí wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù oògùn ìkà náà sì wà níbẹ̀. Igbá kò ní fóòmù. Orí tó gbé e gbálẹ̀ ò yàtọ̀ sí orí lásán. Ọlọ́pàá rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí, ọpọlọ kò rí ààbò kankan.

Bí a ṣe ń dé e

Akoto tó wà lẹ́yìn orí, tí iwájú orí wà níta, kò wúlò púpọ̀, nítorí iwájú yẹn ló sábà ń gbálẹ̀. Kí ó jókòó pẹrẹsẹ sórí, kí àyè ìka méjì péré wà láàárín etí rẹ̀ àti irun ojú. Kí okùn rẹ̀ pàdé lábẹ́ etí, kí ìka kan tàbí méjì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mi orí, tí ó ń jó lọ jó bọ̀, ó tóbi jù. Ẹni tó di irun gíga tàbí tó kó wíìgì nípọn gbọ́dọ̀ dé e wò pẹ̀lú irun náà kó tó sanwó. Akoto tó jókòó sórí irun, tí kò kan orí, á yọ́ bọ́ nígbà tó bá yẹ kó ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí ọmọ kékeré: bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ bọ́ akoto rẹ̀ kó tó lọ gun àkàsọ̀ ibi ìṣeré. Àwọn ọmọ kan nílẹ̀ Yúróòpù ti fi akoto há sáàárín irin, tí okùn rẹ̀ sì fún wọn lọ́rùn. Ìyẹn ló bí ìlànà EN 1080, tó sọ pé kí okùn akoto ọmọdé lè já bó bá há.

Bí ẹ bá bi mí, ọmọ mi ò ní gun kẹ̀kẹ́ lójú títì láìdé akoto, èmi náà ò ní gùn ún. Ẹ̀rí tó wà lórí ìyẹn tó mi. Ṣùgbọ́n bí aṣòfin kan bá dìde pé òun fẹ́ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ dà? Ta ló ń dá mọ́tò tó ń sáré dúró lẹ́bàá ilé ìwé? Ta ló máa ra akoto fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ò ní? Ta ló máa ṣọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n bá fún ní ìwé ìtanràn? Bó bá ní ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká bá a jókòó sọ̀rọ̀ òfin. Bí kò bá ní, kí ẹ ra akoto fún ọmọ yín, kí ẹ sì máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìjọba.